Ẹ Fún Ará Ìlú Ní Wákàtí Kan Lórí Rédíò: Lẹ́tà sí Àwọn Gómìnà Wa Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà

Ẹ̀yin Gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó,

Mo mọ̀ pé ìwé tó ń wọ ọ́fíìsì yín lóòjọ́ kò ṣeé kà tán, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ tèmi sí gbangba, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè bá yín kà á.

Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mo ń ṣe, Ìbàdàn ni mo sì wà. Ètò mi kì í ṣe ti orin, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Àwọn ará àdúgbò ni mo ń pè wá: ìyálọ́jà, àgbẹ̀, olùkọ́, awakọ̀, nọ́ọ̀sì, baálẹ̀ abúlé, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Wọ́n á jókòó sí sítúdíò, wọ́n á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn tó wà nílé á sì pè wọlé láti dá sí i. Ohun tí mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ wákàtí kan sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ọ̀rọ̀ ará ìlú, kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ kó tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín sì máa wá dáhùn bí wọ́n bá pè wọ́n.

Ẹnìkan nínú yín lè béèrè pé, ṣé kò sí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ wa lójoojúmọ́ ni kò mọ̀.

Púpọ̀ nínú ètò èdè Yorùbá tí ẹ ń gbọ́, ilé-iṣẹ́ rédíò kọ́ ló ni ín. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni ló ra àkókò náà. Yóò san owó wákàtí kan, tàbí ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á wá máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá onígbọ̀wọ́ káàkiri, àwọn tí yóò polówó ọjà wọn nínú ètò náà, kí owó tó fi sílẹ̀ lè padà wọlé. Bí onígbọ̀wọ́ bá wà, ètò á wà. Bí kò bá sí, wọ́n á gbé àkókò náà fún ẹlòmíràn. Aládàáni ni Gbénga Adébóyè, tó fi wá sílẹ̀ ní 2003, kí ohùn rẹ̀ tó di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Aládàáni náà ni Kọ́lá Ọláwuyì tó ṣe ètò Nǹkan Ń Bẹ. A ní ẹgbẹ́ wa, FIBAN, a sì ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà. Mi ò ní kí ẹ pa ọ̀nà yìí rẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, ẹni tí kò lówó kò sì lè gbabẹ̀.

Ta wá ni owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti gbọ̀wọ́ ètò? Ẹ tan rédíò yín láàárọ̀ ọ̀la. Àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ alágbo ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ìgò kan ṣoṣo yóò wo jẹ̀díjẹ̀dí, yóò wo àtọ̀gbẹ, yóò wo ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ NAFDAC kò fàyè gba kí wọ́n polówó oògùn kankan láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn alágbo, ẹni tó ń ta ilẹ̀ ló kàn. Lẹ́yìn rẹ̀, wòlíì àti ààfáà tó ń kéde ìpàdé àdúrà. Bí ìbò bá sì ti kù dẹ̀dẹ̀, olóṣèlú á ra gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù. Gbogbo wọn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ tí afárá abúlé rẹ̀ wó, nọ́ọ̀sì tó ń fi iná fóònù gbẹ̀bí, àwọn yẹn kò ní ọjà tí wọ́n ń tà. Owó ìlú ló kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, owó ìlú ló ń san owó oṣù àwọn tó wà níbẹ̀, síbẹ̀ agbára káká ni ará ìlú fi ń rí àyè níbẹ̀ bí kò bá ra àyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Àwọn ìyá mẹ́ta kan wá sí ètò mi láti abúlé kan ní agbègbè Akínyẹlé. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn dé títì kí wọ́n tó rí mọ́tò wọ̀ wá sígboro. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fi ọ̀rá wé ìgò omi kan dání, ó tú u, ó sì gbé e ka orí tábìlì níwájú máìkì. Omi odò tí wọ́n ń mu ni. Ó pọ́n, ìdọ̀tí sì ti sùn sí ìsàlẹ̀ ìgò náà. Ìyá yìí mọ̀ pé àwọn tó ń gbọ́ rédíò kò lè rí i, ló bá sún mọ́ máìkì, ó ní: “Ẹ̀yin ará, omi tó wà níwájú mi yìí, bí mo bá fi fọ aṣọ àlà, a ò ní í lè pè é ní àlà mọ́. Òun la fi ń rokà. Òun là ń fún ọmọ mu.” Kànga ẹ̀rọ kan wà lábúlé wọn o. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó wá ṣí i sára ògiri rẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ni omi ti dá nínú rẹ̀, kò sì tún jáde mọ́.

Ibi tó bá a dé nìyẹn tí àkókò ìpolówó fi tó. Àdéhùn wà nílẹ̀, n kò lè fò ó. Ìpolówó agbo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti orin, ìyá àgbà náà jókòó, ó di ìgò rẹ̀ mú, ó ń wojú mi. Nígbà tí a padà dé, fóònù kò sinmi. Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé kò tíì yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ta ko ara rẹ̀. Nígbà tó yí i sílẹ̀ tán, ó ní ẹ̀rọ omi tiwọn náà ti kú, ní apá Ìdó. Ẹlòmíràn pè láti Ọ̀nà-Àrà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ béèrè irú pọ́ǹpù tí wọ́n rì sí i, ó ní òun ṣe tán láti bá wọn wò ó. A pe òṣìṣẹ́ ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó fọ̀wọ̀ wọ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ní òun kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun lórí afẹ́fẹ́ bí ọ̀gá òun kò bá fọwọ́ sí i. Títí ètò fi parí, títí ọ̀sẹ̀ fi yí po, ọ̀gá kò fọwọ́ sí i.

Kí oṣù náà tó pé, ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ mi kó ìpolówó rẹ̀ kúrò. Ó ní òun ń ṣe iṣẹ́ kọngílá fún ìjọba, òun kò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ àwọn tó ń bá ìjọba jà. Mo bi í pé ta ló ń jà. Ó ní òun náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jà, ṣùgbọ́n kí n má bínú. Ẹ̀yin ọlọ́lá, n kò bínú sí ọkùnrin yìí. Ó ní ìyàwó, ó lọ́mọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun èmi ni pé ìyá tó gbé omi wá láti oko kò mọ̀ pé ọwọ́ kọngílá kan tí òun kò rí rí ni okùn ohùn òun wà.

Bẹ́ẹ̀, omi Akínyẹlé kéré lára ohun tó yẹ kí rédíò yín máa gbé. Ayétòrò wà ní Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ń pín oúnjẹ àti iṣẹ́ láàárín ara wọn, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Òkun ń jẹ ìlú náà lọ. Ilé tí bàbá ẹnìkan kọ́ ti wà nínú omi báyìí, àwọn tó kù sì ń ṣí ilé sẹ́yìn bí omi ṣe ń bọ̀. Nígbà mélòó ni àwọn ará Oǹdó tó kù ń gbọ́ ohùn ará Ayétòrò lórí rédíò, láti ẹnu ará Ayétòrò, ní ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ? Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, omi odò tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá ti yí padà sí àwọ̀ amọ̀ nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Àwọn olórìṣà ń fi ojú ara wọn rí i, àwọn apẹja ń rí i, àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n gbẹ́ oko rẹ̀ náà ní ohun tí yóò sọ. Ní Ewékorò, láti 1960 ni wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, ẹni tó ń gbé ìtòsí ibẹ̀ mọ ohun tí eruku ń ṣe sí àgbá omi òjò rẹ̀. Ẹ lọ sí Ṣakí, sí Ìgbòho, sí Kìṣí, kí ẹ béèrè ohun tí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn máa ń bá ara wọn sọ nígbà tí wọ́n bá ti oko dé. Ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, ó sì gún régé. Wọn kò fẹ́ kí wọ́n bá wọn tún un sọ; wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fúnra wọn.

Ó yẹ kí n rán yín létí bí rédíò ìjọba ṣe dé ọwọ́ yín. Àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí ìjọba amúnisìn gbé wọ Èkó ní 1935, tó dé Ìbàdàn ní 1939, ohùn London ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní 1953, nígbà tí Anthony Enahoro dá àbá òmìnira nílé ìgbìmọ̀ tí ọ̀rọ̀ sì di gbọ́nmi-si-i-omi-ò-tó-o, John Macpherson, gómìnà ìjọba amúnisìn, bọ́ sórí rédíò, ó sì di ẹ̀bi ru àwọn mínísítà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group). Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun láyè lórí rédíò kan náà kí òun fèsì. Wọ́n kọ̀ fún un. Òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ kò jókòó sunkún. Wọ́n jà kí òfin lè fàyè gba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn láti ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959, tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, rédíò WNBS sì tẹ̀ lé e. Àwọn bíi Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n fi èdè Yorùbá dárà lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ yẹn là ni àwọn rédíò ìpínlẹ̀ yín, BCOS, OGBC, OSBC, OSRC, Radio Lagos àti ti Èkìtì, ń tọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ ìfèsì dù ló dá a sílẹ̀. Kò wá yẹ kó jẹ́ pé inú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tọ́ yẹn du ìyá kan láti Akínyẹlé, torí kò ní owó àkókò lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni àwọn olùdámọ̀ràn yín yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà, wọn ò sì parọ́. Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sáfẹ́fẹ́ wọ́n, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣòro láti rí. Ní oṣù kẹjọ 2022, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn, kéde pé àwọn gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà, tìjọba ìpínlẹ̀ sì wà nínú wọn. Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bá ń ronú gbèsè bẹ́ẹ̀, owó ni yóò máa wá kiri. Wákàtí tí kò mówó wọlé á dà bí òfò lójú rẹ̀. Ìdí tí lẹ́tà yìí fi wá sọ́dọ̀ yín dípò ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ lè sọ fún un pé kó má ka wákàtí yẹn mọ́ òfò, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ sínú ètò ìṣúná. Wákàtí kan nínú mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti ilé-ìwé pa, Èkó kó olùkọ́ lọ sórí rédíò láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ wá onígbọ̀wọ́ kó tó gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò.

Ó tún ku ohun kan tó le ju owó lọ. Ìbẹ̀rù ni. Bí ará ìlú bá ti dárúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba kan lórí afẹ́fẹ́, mo máa ń rí ẹni tó wà lẹ́yìn gíláàsì tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ sí mi pé kí n gé e. Òun náà ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ní 2020 wọ́n gbé owó ìtanràn ọ̀rọ̀ ìkórìíra láti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ sí mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Lóòótọ́, ní oṣù karùn-ún 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé NBC kò lágbára láti bu owó ìtanràn fún ilé-iṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í tètè gbọ́ ìdájọ́. Ní Ìbàdàn níbí, ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ 2018 kò tíì kúrò lọ́kàn wa, nígbà tí katakata wó apá kan ilé tí Fresh FM ti Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ń lò. Ìjọba ìgbà náà ní ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ilé ni, wọ́n sì padà tún un kọ́. Síbẹ̀, kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nílùú yìí tí kò fi ojú ara rẹ̀ wo ògiri yẹn.

Bẹ́ẹ̀, òfin wà lẹ́yìn ará ìlú. Abala 22 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kí iṣẹ́ ìròyìn ní òmìnira láti mú kí ìjọba máa jíhìn fún àwọn ènìyàn. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn ìbéèrè, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ọ́ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Ọ̀gá tó ní kí òṣìṣẹ́ òun má sọ ìdí tí kànga kò fi mú omi jáde ń lòdì sí ẹ̀mí àwọn òfin wọ̀nyí.

N kò sọ pé kí rédíò di kóòtù. Àwọn ètò kan wà lónìí tí wọ́n ti ń pe ọkọ àti ìyàwó jáde láti wá bú ara wọn, tí atọ́kùn ń dájọ́, tó ń dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ òfin, tí ayé sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí kọ́ ni mo ń tọrọ, inú mi kì í sì í dùn bí mo bá gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ ní àyè láti fèsì, kí atọ́kùn sì ti wádìí ọ̀rọ̀ kó tó gbé e sáfẹ́fẹ́. Kí wákàtí yìí má sì wà lábẹ́ kọmíṣánnà ètò ìròyìn, torí tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, láàárín oṣù mẹ́ta, yóò ti di wákàtí tí wọ́n ń fi kí gómìnà kú iṣẹ́. Ẹ kó ìyálọ́jà, olùkọ́, àgbẹ̀, akọ̀ròyìn àti ẹnìkan láti ẹgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara jọ, kí wọ́n máa bójú tó o. Ẹ jẹ́ kí Ìkálẹ̀ sọ Ìkálẹ̀, kí Ẹ̀gbá sọ Ẹ̀gbá, kí ará Àgbádárìgì tó jẹ́ Ègùn náà rí àyè sọ èdè tirẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí àwọn olùgbọ́ ń bi mí jù ni pé kí ni alága tiwọn ń fi owó náà ṣe. Èmi kọ́ ló yẹ kí wọ́n bi. Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà ní ìpínlẹ̀ yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn alága wọn nínú wákàtí yẹn, kí alága kan máa wá lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ará ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ máa pè é lórí fóònù. Èkìtì tó ní 16 yóò yí wọn po láàárín oṣù mẹ́rin. Ọ̀yọ́ tó ní 33 kò ní gba ọdún kan. Alága tó ti ṣiṣẹ́ á láyọ̀ láti wá. Èyí tí kò bá wá, kí wọ́n fi àga rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbé ìpè àwọn ènìyàn rẹ̀ wọlé bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn ka lẹ́tà yìí, ẹ má ṣe dá a dá mi. Ẹ bi aṣòfin tó ń ṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ bóyá rédíò ìjọba ní wákàtí kankan fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bi í ní ìpàdé àdúgbò, ẹ bi í ní ọjà, ẹ bi í nígbà tó bá wá kí yín lọ́jọ́ ọdún.

Ẹ̀yin Gómìnà wa, ìpolongo ìbò 2027 yóò gba afẹ́fẹ́, àkókò yóò sì wọ́n ju bó ṣe wà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ rédíò yín báyìí, kí wákàtí ará ìlú ti wà nílẹ̀ kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra àkókò.

Èmi ni,
Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan, Ìbàdàn.